ÀÁRÒ ERÉ ÌGBÀ ÈWE: ERÉ FÍDÍÒ GẸ́GẸ́ BÍ OHUN ÀJOGÚNBÁ



1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí eré tí àwọn ọmọdé ń ta lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, èyí tí gbogbo ìgboro mọ̀ sí géèmù. Wọn yóò ní, kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ ni ní ewì àti ìtàn àròsọ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni láti bèèrè bí iṣẹ́ ọnà ṣe ń wà láàyè, bí ó ṣe ń kú, àti ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn máa rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ ti lọ. Eré fídíò ti pé ju 50 ọdún lọ láyé. Àwọn ọmọdé tí ó kọ́kọ́ ta á ti di àgbàlagbà, àárò rẹ̀ sì ti ń sọ wọ́n. Nígbà tí àárò bá ti wọ ọ̀rọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ tiwa.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Èkínní, kí ni àárò? Èkejì, nígbà tí àgbàlagbà bá ní àárò eré ìgbà èwe òun ń sọ òun, kí ni ó ń wá gan-an? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ àárò nìkan tó láti dáàbò bo ohun tí a fẹ́ràn? Mo fẹ́ fi hàn pé kò tó, àti pé bí a bá fi ìtọ́jú eré wọ̀nyí sílẹ̀ fún àárò nìkan, púpọ̀ nínú wọn ni yóò parun.

2. Ohun tí àárò jẹ́

Ní ọdún 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kan tí ń jẹ́ Johannes Hofer kọ àpilẹ̀kọ kan ní Yunifásítì Basel ní ilẹ̀ Switzerland. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ọ̀kan tí ó túmọ̀ sí ìpadàbọ̀ sílé, èkejì tí ó túmọ̀ sí ìrora, ó sì fi wọ́n ṣẹ̀dá orúkọ fún ohun tí ó rí lára àwọn ènìyàn tí ó jìnnà sí ìlú wọn. Nostalgia ni ó pè é, àìsàn ni ó sì kà á sí.

Àwa kò ka àárò sí àìsàn. Ẹ jẹ́ kí a wo gírámà rẹ̀. Bí a ti sábà máa ń sọ ọ́ ni pé, 'Àárò ilé ń sọ mí.' Nínú gbólóhùn yìí, àárò ni olùwà. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ ni àbọ̀. Àárò ni ó ń ṣe iṣẹ́, èmi ni ó ń ṣe é sí. Èdè wa ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí àárò ń sọ kì í yan ohun tí yóò máa rántí. Ó lè gbàgbé orúkọ olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa rántí ìró kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ kan máa ń dún nígbà tí ó bá fo kòtò.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ẹni tí àárò ilé ń sọ lè wọ ọkọ̀ kí ó padà sílé. Ẹni tí àárò ìgbà èwe ń sọ kò rí ọkọ̀ wọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń wá ohun kan tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní ìgbà náà, tí ó sì ṣeé dì mú lónìí. Ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ àwo orin. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bí láti nǹkan bí ọdún 1970 títí di ọdún 1990, eré fídíò ni.

3. Ọgbọ́n tí ó wà nínú eré náà

A kò lè mọ ohun tí àárò ń wá bí a kò bá mọ bí àwọn eré náà ti rí. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ Atari ní California gbé Pong jáde: ìlà funfun méjì àti ẹyọ bọ́ọ̀lù kan tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 1978, Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders fún ilé-iṣẹ́ Taito ní ilẹ̀ Japan. Ọ̀tá 55 ni ó máa ń tò lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agbára kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà kò tó láti yára ya gbogbo wọn. Bí ẹni tí ń ta á bá ṣe ń yìnbọn pa wọ́n, tí iye wọn ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù ń yára sí i. Nishikado rí i pé àìlera ẹ̀rọ yìí ni ó ń mú kí àyà ẹni tí ń ta eré máa já, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù lára ẹ̀rọ di ọgbọ́n nínú eré.

Ní ọdún 1980, Toru Iwatani ti ilé-iṣẹ́ Namco gbé Pac-Man jáde. Iwin mẹ́rin ni ó ń lépa olú-ẹ̀dá eré náà, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Iwin pupa a máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Iwin aláwọ̀ píńkì a máa sáré lọ sí ibi tí ó wà níwájú rẹ̀ láti dènà dè é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ yóò rí i pé ìfìwàwẹ̀dá ni èyí. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kan níbẹ̀, síbẹ̀ ìwà ni ọmọdé fi ń dá ẹ̀dá kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ní ọdún 1981, Shigeru Miyamoto ti ilé-iṣẹ́ Nintendo ṣe Donkey Kong. Àmì kéékèèké tí ó ní láti fi ya ẹ̀dá inú eré náà kò tó nǹkan. Irun orí ṣòro láti yà, nítorí náà ó dé e ní fìlà. Ẹnu ṣòro láti yà, nítorí náà ó fi irun sí ètè òkè rẹ̀ kí imú lè hàn. Ẹ̀dá yìí ni gbogbo ayé mọ̀ sí Mario lónìí. Nígbà tí Super Mario Bros. jáde ní ọdún 1985, ohùn díẹ̀ péré tí ẹ̀rọ náà lè gbé jáde ni Koji Kondo fi ṣe orin rẹ̀. Ní ọdún 2023, ilé-ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, mú orin yìí sínú àkójọ àwọn ohùn tí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pa mọ́. Òun ni orin eré fídíò àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀.

Àwọn akéwì yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ìhámọ́ a máa bí ọgbọ́n. Ẹni tí ó ní àyè díẹ̀ ni ó máa ń ṣa ọ̀rọ̀ lò.

4. Ohun tí àárò ń wá

Ní àwọn ìlú wa, ní àwọn ọdún 1990, kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ẹ̀rọ eré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà jẹ́ àfarawé olówó pọ́ọ́kú tí a kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà. Ilé ẹnìkan ni ọmọ àdúgbò máa ń kóra jọ sí. Tàbí kí wọ́n lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń san owó kí wọ́n tó lè ta eré fún ìwọ̀n àkókò kan. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ohun tí a fi ń ki eré bọ inú ẹ̀rọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọn a yọ ọ́, wọn a fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọn a tún kì í bọ̀ ọ́. Atẹ́gùn ẹnu kọ́ ni ó ń mú un ṣiṣẹ́. Yíyọ àti títún un kì bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di ètùtù, àwọn ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Japan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹ tún wo èdè tí wọ́n ń lò. Ẹ̀mí mẹ́ta ni eré fún ọmọ. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, yóò ní, 'Mo ti kú,' yóò sì gbé ohun ìdarí fún ẹni tí ó kàn. Ẹni tí ó ti kú yóò jókòó, yóò máa tọ́ alààyè sọ́nà: ibi tí ọ̀tá sá pa mọ́ sí, ìgbà tí ó yẹ kí ó fò. Púpọ̀ nínú eré ìgbà náà kò ní ọ̀nà tí a fi lè pa ipò tí a dé mọ́. Bí iná mànàmáná bá lọ, gbogbo làálàá wọ́mi, àtètèkọ́ṣe ni a ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Igbe tí ẹgbẹ́ ọmọdé máa ń ké papọ̀ ní àkókò náà wà lára eré.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká dé orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2001, eré mìíràn bá a dé: Snake, eré ejò, tí Taneli Armanto kọ fún fóònù Nokia ní ọdún 1997. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ẹ̀rọ eré rí ni ó mọ ejò yìí dáadáa.

Bí a bá wá bi àwọn àgbàlagbà òní léèrè ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n, ẹ̀rọ ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀ díẹ̀, wọn yóò dárúkọ eré. Bí ó bá tún jinlẹ̀ sí i, orúkọ ènìyàn ni yóò kù: ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́ wọn, ọ̀rẹ́ tí ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ìyá tí ó ń pariwo pé kí wọ́n wá jẹun. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 kò ṣòro láti rí. Ohun tí ó ṣòro láti rí ni ọ̀ta ayò ìgbà kan, àti àwọn òǹwòran tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi.

5. Àárò gẹ́gẹ́ bí ọjà

Àwọn oníṣòwò mọ̀ pé àárò a máa ná owó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Nintendo gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ó jọ ti ìgbà àtijọ́, tí eré 30 wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rà á títí ó fi wọ́n lọ́jà. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyèsí ni iye náà. Eré tí a fi àṣẹ tà fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lé ní 600. Àárò ọjà mú 30, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, ẹgbẹ́ Video Game History Foundation àti ẹgbẹ́ Software Preservation Network gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn eré tí a tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010. Nínú gbogbo 100, 87 ni ẹnikẹ́ni kò lè rí rà mọ́ ní ọjà. Ní oṣù Kẹta ọdún náà gan-an ni Nintendo ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó fi ń ta eré fún méjì nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́, 3DS àti Wii U. Eré tí kò sí ní ibòmíràn ju ibẹ̀ lọ kò ṣeé rà mọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ilé-ìkàwé kò sí ni? Ó wà, ṣùgbọ́n òfin dè é lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí ilé-ìkàwé fi eré tí kò sí lọ́jà mọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀dá iṣẹ́ kọ̀ fún wọn. Olùwádìí gbọ́dọ̀ rin ìrìn-àjò dé ilé tí ẹ̀rọ wà. Lára ohun tí àwọn alátakò ń bẹ̀rù ni pé àwọn ènìyàn lè máa fi eré náà gbádùn ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lítíréṣọ̀, ìbẹ̀rù yìí yà mí lẹ́nu. Kò sí ilé-ìkàwé tí ń mú òǹkàwé búra pé ìtàn àròsọ tí ó fẹ́ yá kò ní dùn mọ́ ọn nínú.

6. Ohun tí lítíréṣọ̀ ti kọ́ wa

Ìparun irú èyí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2013, Library of Congress kéde pé nínú àwọn fíìmù gígùn aláìlóhùn tí a ṣe ní Amẹ́ríkà, ìdá 14 péré nínú 100 ni ó ṣẹ́kù bí a ti kọ́kọ́ gbé wọn jáde. Àwọn tí ó ni wọ́n rò pé ọjà wọn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni.

Nílé, ẹ jẹ́ kí a rántí Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ. Lẹ́tà lẹ́tà ni ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929, kí ó tó di ìwé ní ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé ìgbà náà ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un tẹ̀ ní ọdún 2012, ó kó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn tí ó yí i ká mọ́ ọn. Ẹni tí ó ka ìtàn náà láìmọ ariwo tí ó dá sílẹ̀ ní Èkó kò tíì kà á tán.

Bákan náà ni eré fídíò. Ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú papọ̀. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ eré náà. Láti ọdún 1997 tí Nicola Salmoria, ọmọ ilẹ̀ Italy, ti gbé ètò MAME jáde, kọ̀ǹpútà ti lè máa sín ẹ̀rọ eré àtijọ́ jẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè jáde lára tuntun. Èkejì ni ohun èlò. Duck Hunt tí ó jáde ní ọdún 1984 ní ìbọn kan tí ń mọ ìmọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá fa ohun ìyìnbọn, ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn ní ìṣẹ́jú àáyá, àmì funfun yóò sì yọ ní ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Ìbọn ni yóò wò bóyá òun rí ìmọ́lẹ̀ náà ní àkókò rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ ti òde òní a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé àwòrán jáde, ìbọn kò sì ní rí ohun tí ó ń wá. Eré náà wà lódindi, síbẹ̀ kò ṣeé ta. Ẹ̀kẹta ni àṣà títa: ìmọ̀ ọwọ́, èdè, ẹgbẹ́, àti àwọn òǹwòran. Àwa tí a ń kọ́ ìwádìí àlọ́ mọ èyí dunjú. Bí a bá gba ohùn apàlọ́ sílẹ̀ tí a kò gba ti àwọn ọmọ tí ń gbe orin rẹ̀, ìdajì ni a gbà.

7. Ta ni a ń tọ́jú rẹ̀ fún?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi dorí kọ. Ní ọdún 1984, Alexey Pajitnov ṣe Tetris ní Moscow, ní ibi ìwádìí kọ̀ǹpútà ti Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Soviet. Oríṣi ègé méje ni ó ń já bọ́ láti òkè, tí a sì ń tò. Ní ọdún 1989, Nintendo gbé irú rẹ̀ kan jáde fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a gbà pé ọwọ́ ènìyàn kò lè ta á débi tí ẹ̀rọ yóò fi rẹ̀ kí ènìyàn tó rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ta á títí ẹ̀rọ fi dákú, tí kò lè gbé ègé mìíràn jáde mọ́. Ọdún 34 ti kọjá lórí eré náà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. A kò tíì bí ọmọ yìí nígbà tí eré náà jáde. Kò ní àárò rẹ̀ rárá. Kò sí ìgbà èwe àtijọ́ kan tí ó ń wá padà. Síbẹ̀ òun ni ó rí ohun tí àwa tí àárò ń sọ kò rí, nítorí pé àwọn kan ti tọ́jú eré náà dè é, àwọn mìíràn sì ti ń kọ́ ara wọn ní ọgbọ́n títa á láti ọdún pípẹ́. Àárò a máa parí pẹ̀lú ìran tí ó ni ín. Bí àwọn tí a bí ní ọdún 1980 bá kọjá lọ, àárò wọn yóò bá wọn lọ, ọjà kò sì ní rí èrè mọ́ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Bí ó bá jẹ́ àárò nìkan ni ó ń dá eré náà dúró, ọjọ́ náà ni yóò ṣubú. Àwọn tí kò ní àárò rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ fún.

Àwọn kan yóò ní eré òkèèrè ni èyí, kí a kọ́kọ́ tọ́jú ayò, àrìn, òkòtó àti bojúbojú tiwa. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n èkínní kò dí èkejì lọ́wọ́. Ayò gan-an ni ó kọ́ wa ní ìdí tí eré kan fi ń pẹ́. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gbẹ́ ọpọ́n tàbí kí ó gbẹ́ ihò sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ti ìsọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú eré yìí fi bá àwọn tí a kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Antigua, tí wọ́n sì ń ta á níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ warri títí di òní. Eré tí olówó kan ṣoṣo di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú kò ní irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀, àyàfi bí àwọn mìíràn bá bá a tọ́jú rẹ̀.

8. Ìkádìí

Mo dábàá ohun méjì fún Ẹ̀ka wa. Èkínní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ gba àlọ́ àti oríkì sílẹ̀ máa bi àwọn tí ó ti lé ní ọdún 35 léèrè pẹ̀lú nípa eré ẹ̀rọ ìgbà èwe wọn: orúkọ tí wọ́n sọ àwọn eré náà ní àdúgbò, òfin tí wọ́n ṣe láàárín ara wọn, ẹ̀fẹ̀ àti èébú tí ó máa ń bá a rìn. Lítíréṣọ̀ alohùn ni gbogbo èyí, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan ní Japan tàbí ní Amẹ́ríkà tí yóò bá wa gbà á sílẹ̀. Èkejì, kí a bá ilé-ìkàwé sọ̀rọ̀ kí ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì tí ó ń jẹrà nínú àpótí káàkiri ilé. Nínú kásẹ́ẹ̀tì The Legend of Zelda tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, bátìrì kékeré kan wà tí ó ń pa ipò tí ọmọ dé mọ́. Bátìrì náà a máa kú. Ọjọ́ tí ó bá kú, orúkọ tí ọmọ náà kọ síbẹ̀ àti gbogbo ọ̀nà tí ó ti rìn yóò parẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Èyí tí kò tíì kú, iṣẹ́ wa ni.